Ilé oúnjẹ kan nínú ilé iṣẹ́ aṣọ àtijọ́ ní Odógúnyán

Ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Odógúnyán, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣàgámù, nínú ọgbà kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ nígbà kan rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jẹun níbẹ̀: ìgbà kìíní jẹ́ ọ̀sán gangan nínú oṣù Kẹta, ìgbà kejì jẹ́ ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, ìgbà kẹta sì ni ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ ibẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àléébù tí mo rí níbẹ̀ kò kéré, àwọn tí wọ́n ni ín sì ń tún un ṣe lọ́wọ́; ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́ yóò ti mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ wọn dára, n óò sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń fa oníbàárà: ohun tí wọ́n kọ sára pátákó wọn lójú títì ni pé kí á wá jẹun nínú ilé iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá mi lọ ní ìgbà kejì àti ìgbà kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yìí kan náà fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó tì í pa. Nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni ó wà, orúkọ tí gbogbo wa sì ń pè é nílé títí dòní ni Bọ̀dá Aláṣọ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ni ojú mi ìbá fò dá, nítorí pé ohun tí èmi pè ní ọ̀ṣọ́ nínú ilé náà, òun mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀.

Kí á tó wọlé, ó yẹ kí á rántí irú àdúgbò tí à ń sọ. Nígbà tí ilẹ̀ ti há ní Àpápá àti Ìkẹjà, Odógúnyán ṣì ní ilẹ̀ gbalasa, ọ̀nà Ṣàgámù sì wà níbẹ̀ tí ẹrù lè gbà lọ sí ìyókù ilẹ̀ Yorùbá láìkọ́kọ́ wọ inú Èkó. Ilé iṣẹ́ irin, ti ike, ti oúnjẹ àti ti aṣọ wá tò síbẹ̀. Àwọn aláṣọ ni ìyà jẹ jù nínú wọn. Kì í ṣe Ìkòròdú nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀: bí aṣọ fàyàwọ́ ṣe ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú, tí iná ìjọba kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ilé iṣẹ́ aṣọ ń kógbá sílé jákèjádò Nàìjíríà, títí tí ilé iṣẹ́ United Nigerian Textiles fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 2007. Ohun tí Bọ̀dá kò tíì fi orí jì ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin, tí wọ́n kọ́ láti mú 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde, wà ní apá Ìjẹ̀dẹ̀ nítòsí wa níhìn-ín, síbẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni àwọn fi ń hun aṣọ ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn. Àwọn ọgbà tí ó ṣófo kò pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹlòmíràn gbà wọ́n. Òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ibi ìkẹ́rùsí, òmíràn sì di ibi tí àwọn tírélà ń sùn. Ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ BRT láti Mile 12 wá sí Ìkòròdú, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13.5, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó sì túbọ̀ ń ya wọ ìlú wa láti wá gbé. Ní ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà. Àdúgbò náà kò kú rárá. Ilé gbígbé ni ó ń sún mọ́ ilé iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ilé oúnjẹ yìí sì jókòó sí ojú ààlà àwọn méjèèjì.

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Wọn kò wó pèpéle tí ọkọ̀ àjàgbé máa ń fi ìdí sún mọ́ láti kó ẹrù. Ó ga tó nǹkan bíi mítà kan, wọ́n sì to tábìlì mẹ́jọ sórí rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí páànù gígùn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé eruku tí ọkọ̀ ń tú nínú ọgbà máa ń kọjá nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń jẹun. Irin tí wọ́n fi de etí pèpéle náà ṣì wà. Ó ti tẹ̀ wọnú níbi mẹ́ta, níbi tí ìdí ọkọ̀ ti ń gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ha ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú, wọ́n sì fi sílẹ̀ bí ó ṣe rí. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ èyí tí ó jìn jù nínú wọn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní awakọ̀ kan wà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ sẹ́yìn rárá, pé gbogbo èyí, ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan nínú ilé náà tí ó tó irin títẹ̀ yẹn lójú mi, kò sì ná wọn ní nǹkan kan ju ọ̀dà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, báwo ni yóò ṣe dé orí pèpéle náà? Wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òdiwọ̀n tí àwọn ayàwòrán-ilé ń lò fún kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn ni pé bí ibi kan bá ga ní mítà kan, ọ̀nà tí yóò gòkè débẹ̀ yóò gùn tó mítà méjìlá. Mo fi ẹsẹ̀ wọn tiwọn, kò ju mítà márùn-ún lọ. Ojú mi ni ọmọkùnrin méjì ṣe jùmọ̀ ti ìyá àgbàlagbà kan gòkè níbẹ̀, tí ìyá náà di apá àga rẹ̀ mú gírígírí tí ó sì ń ké pe Olúwa. Àyè wà nínú ọgbà náà tí ó tó láti ṣe é ní mítà méjìlá. Ọkọ̀ ni wọ́n fi àyè náà gbé kalẹ̀ fún.

Inú gbọ̀ngàn ńlá ni ọkàn ilé náà wà. Òrùlé rẹ̀ rí bí eyín ayùn: páànù yóò gòkè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò dé ṣóńṣó, yóò sì já wálẹ̀ gbọnrangandan, gbogbo ojú ibi tí ó ti já wálẹ̀ yẹn sì jẹ́ gíláàsì, ní ìlà mẹ́rin tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ilẹ̀ Yúróòpù ni irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Àríwá ni wọ́n máa ń kọ gíláàsì rẹ̀ sí níbẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé kí oòrùn fúnra rẹ̀ má wọlé, nítorí pé ní ilẹ̀ tiwọn, oòrùn ọ̀sán kì í bọ́ sí apá àríwá láéláé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìkòròdú, oòrùn ọ̀sán máa ń kọjá sí àríwá orí wa láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí ó kọ́ ilé iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó yọ ìbòrí páànù tóóró kan síta lókè ìlà gíláàsì kọ̀ọ̀kan láti ṣíji bò ó. Bọ̀dá ni ó fi ihò bóòtù wọn hàn mí lára irin òrùlé. Àwọn tí wọ́n ṣe àtúnṣe ti tú ìbòrí wọ̀nyí dànù, bóyá nítorí pé wọ́n ti dípẹtà, wọn kò sì fi òmíràn rọ́pò wọn.

Mo rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ara mi. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, ìmọ́lẹ̀ inú gbọ̀ngàn náà tutù, ó sì kárí, kò sí òjìji ẹnikẹ́ni lórí tábìlì, àwọ̀ ewéko inú ẹ̀fọ́ sì hàn bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Irú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fẹ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń hun aṣọ, kí ojú lè tètè rí fọ́nrán òwú tí ó já kí ó tó ba ọ̀pọ̀ yáàdì jẹ́. Nínú oṣù Kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ojú ọ̀run kò ṣú lọ́jọ́ náà, oòrùn gba àwọn gíláàsì yẹn wọlé tààrà, ó sì balẹ̀ sórí àwo wa. A sún àga lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ń gbé oúnjẹ wá fi àpò símẹ́ńtì tí wọ́n là sí méjì dí ibi kan lókè. Ó dà bíi pé ó ti mọ́ ọn lára.

Ohun tí mo bá wọn jà sí jù ni ògiri apá òsì. Wọ́n lẹ bíríkì pupa mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bíríkì pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju táìlì lọ, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun gbo ojú rẹ̀ kí ó lè dà bíi pé ọdún ti lò ó gbó. Lára rẹ̀ ni wọ́n gbé eyín kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kọ́, tí ó jẹ́ pátákó tí a kùn ní àwọ̀ ìpẹtà. Bọ̀dá wò ó títí, ó ní, "Àbúrò, ilé iṣẹ́ wa kò ní bíríkì o." Òótọ́ ni ó sọ. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn àti símẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ́ ọgbà yìí, bíi ti gbogbo ọgbà tí ó wà ní ojú ọ̀nà yẹn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ mànàmáná Bankside tí wọ́n sọ di ilé àfihàn Tate Modern ní ọdún 2000 jẹ́ ilé bíríkì láti ìpìlẹ̀, nítorí náà bíríkì tí ènìyàn rí níbẹ̀ ni bíríkì tí àwọn òṣìṣẹ́ rí. Àwòrán irú ibẹ̀ yẹn ni ẹnìkan wò lórí fóònù tí ó fi sọ Odógúnyán di ìlú onílùú. Ohun tí ó wá dunni níbẹ̀ ni pé wọ́n ní ojúlówó tiwọn lábẹ́ rẹ̀: ní igun tí bíríkì yẹn ti ń ṣí kúrò, mo rí ògiri búlọ́ọ̀kù náà, mo sì rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ní ọ̀dà àwọ̀ òfeefèé, 14, tí Bọ̀dá ní ó jẹ́ nọ́ńbà ìlà ẹ̀rọ.

N kò rí àwòrán òṣìṣẹ́ kan, n kò rí orúkọ, n kò rí gígé aṣọ kan ṣoṣo tí wọ́n hun níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Broad Street ní Èkó di Freedom Park ní ọdún 2010, lábẹ́ ọwọ́ ayàwòrán-ilé Theo Lawson, wọn kò fi ohun tí ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀ pamọ́. Ojú yàrá ẹ̀wọ̀n gan-an ni wọ́n sọ di ìsọ̀, ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ sì mọ ohun tí òun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ilé ẹ̀wọ̀n bá lè sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn tí ń jẹun níbẹ̀, kí ni ilé iṣẹ́ aṣọ ń tijú?

Yàrá kejì, tí wọ́n ń pè ní yàrá tútù, ni wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dì aṣọ tẹ́lẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìhunṣọ, bí Bọ̀dá ṣe ṣàlàyé fún mi, fèrèsé kì í ṣí, omi ni wọ́n ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́, nítorí pé òwú tí ó bá gbẹ máa ń já. Ibi ìdìṣọ ni wọ́n ti ń mí. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ ògiri ibẹ̀ fi jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò yíká, tí ṣóńṣó òrùlé rẹ̀ sì ní àlàfo gígùn tí páànù mìíràn bò lórí. Atẹ́gùn tútù yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tí ó bá gbóná yóò gòkè, yóò sì bá àlàfo náà jáde, láìsí fáànù, láìsí dísẹ́ẹ̀lì. Ní báyìí, wọ́n ti fi símẹ́ńtì dí ihò búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi àjà funfun bo òkè ní ìwọ̀n mítà mẹ́ta, wọ́n sì so ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà mọ́ ògiri. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú lọ́jọ́ tí a wà níbẹ̀, kò pé ogún ìṣẹ́jú tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo wọn jáde sórí pèpéle. Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Golden Lion fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbi àfihàn ilé kíkọ́ ní Venice ní ọdún 2023, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ilé tí ó ń mí fúnra rẹ̀ nínú ooru ilẹ̀ wa. Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ bá irú ilé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ ni, wọ́n sì sanwó láti dí i nímú.

Òjò ọjọ́ kẹta fi ohun mìíràn hàn. Máníjà sọ fún mi pé òrùlé asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn ti kó o kúrò, àwọn sì ti fi páànù alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì tí ó bá fọ́ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ tí ó sì ń fà lè má fara hàn títí ogún ọdún tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bi í pé níbo ni wọ́n da àwọn àtijọ́ sí, ó ní ẹnìkan wá gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó ti di òrùlé ilé adìyẹ báyìí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ sí i. Páànù tuntun náà kò ní ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀ tí ó lè gba ariwo mọ́ra, ilẹ̀ jẹ́ kọnkéré dídán, ògiri jẹ́ bíríkì àlẹ̀mọ́, nítorí náà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a kò gbọ́ ara wa mọ́. Ọmọ tí ó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa tẹ etí rẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu, kò gbọ́. Bọ̀dá bá na ìka sí ohun tí ó fẹ́ nínú ìwé oúnjẹ, ó fi ọwọ́ sọ méjì, ó sì fi ètè sọ ìyókù láìlo ohùn. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn tí òjò dá pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ, pé ètè ni àwọn máa ń wò.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìkokorẹ́ ni wọ́n fi ń yangàn, wọn kò sì purọ́. Wọ́n rin ewùrà rẹ̀ kúnná, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ó ṣù díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe yẹ, epo rẹ̀ kò pọ̀ jù, ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ kì í ṣe egungun lásán, wọ́n sì ń gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀bà tútù láìjẹ́ pé ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Wọ́n tún ń se ẹ̀fọ́ odù, èyí tí ó wù mí lórí, nítorí pé a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé oko odù ni orúkọ Ìkòròdú ti ṣẹ̀ wá. Ìrẹsì wọn kò yàtọ̀ sí ìrẹsì ibikíbi. Owó oúnjẹ náà tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ènìyàn máa san lọ́dọ̀ olóúnjẹ ìta, n kò sì bínú sí i, àfi ti omi inú ìgò.

Ó ku ohun kan tí n kò lè gbójú fò. Ilẹ̀kùn onírin mẹ́ta ni gbọ̀ngàn ńlá náà ní nígbà tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́. Wọ́n ti to àpótí ọtí dí ọ̀kan, wọ́n sì ti kọ́ ilé ìtura sẹ́nu ìkejì. Ibi tí ó lè gba nǹkan bí igba ènìyàn ni ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo kù fún, ibi ìdáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà náà gan-an. Mo sọ ọ́ fún máníjà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní àpótí ọtí yóò kúrò níbẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ìyẹn jẹ́ ní ìgbà kejì tí mo lọ. Ní ìgbà kẹta, àpótí náà ti ga sí i.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ láàrin oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn ti padà sí apá gúúsù, kí ó sì béèrè fún tábìlì abẹ́ ìlà gíláàsì kejì, tàbí kí ó jókòó sórí pèpéle bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí wọ́n bá fi yàrá tútù lọ̀ ọ́, kí ó rọra kọ̀. Ìkokorẹ́ máa ń tán kí aago méjì tó lù.